Ọmọ Àlejò Tó Gbé Àsíá Ga: Ohun Tí Ìtàn Cara Black Kọ́ Àwa Tí A Ń Gbé Sókótó

Bí a bá sọ pé ọ̀rọ̀ tẹ́níìsì ni a fẹ́ sọ lónìí, ẹlòmíràn yóò ní kí ló kan àwa kan tẹ́níìsì, nígbà tí owó ìrẹsì àti owó ọkọ̀ kò jẹ́ kí a sùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni, ọ̀rọ̀ ibi tí a ń gbé ni.

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán ní ìpàdé wa. Àwọn òbí a máa béèrè pé: ọmọ tí a bí sí Sókótó, tó kàwé ní Sókótó, tó gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ, tí kò dé Ogbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà tàbí Ìlọrin ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé rẹ̀, ọmọ ibo ni? Bí ó bá fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tàbí kó wá iṣẹ́ ìjọba, wọn yóò ní kó mú ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wá. Ibi tí wọ́n bí i sí, wọ́n lè ní kó lọ gbà á nílé bàbá rẹ̀. Bó bá dé ilé bàbá rẹ̀, wọ́n lè bi í pé ta ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ọmọ náà á wá dà bí àdán, kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ.

Ìbéèrè yìí ló mú wa wo ìtàn obìnrin kan tí kì í ṣe Yorùbá, tí kì í sì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Cara Black ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ ìdílé rẹ̀ túmọ̀ sí dúdú ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n òyìnbó ni. Ọmọ orílẹ̀-èdè Zimbabwe ni. Ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1979 ni wọ́n bí i ní olú-ìlú ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Salisbury nígbà náà, tí wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ sí Harare ní ọdún 1982. Ó ti fẹ̀yìn tì nínú tẹ́níìsì. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń gbá a, kò sí obìnrin púpọ̀ lágbàáyé tó lè dúró tì í nínú ìdíje ẹlẹ́ni méjì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé irú tẹ́níìsì tó gbá, nítorí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ti orí tábìlì tí àwọn ọmọ wa ń gbá. Ti orí pápá ni, èyí tí wọ́n ń fi ráákẹ́ẹ̀tì gbá bọ́ọ̀lù kọjá lórí àwọ̀n. Wọ́n lè gbá a ní ẹnì kan sí ẹnì kan, wọ́n sì lè gbá a ní ẹni méjì sí ẹni méjì. Nínú ti ẹni méjì, pápá a máa fẹ̀ sí i. Bí ẹnì kan bá sún mọ́ àwọ̀n, ẹnì kejì ní láti mọ ibi tí yóò dúró. Bí wọ́n bá jọ sáré lé bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, ẹ̀yìn wọn ti ṣófo nìyẹn. Bí wọ́n bá sì ń wo ara wọn lójú pé ìwọ ló kàn, bọ́ọ̀lù á bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Ayò tí wọ́n bá jẹ jẹ́ ti àwọn méjèèjì, èyí tí wọ́n bá pàdánù sì jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí.

Inú ìdílé eléré ìdárayá ni wọ́n bí Cara Black sí. Bàbá rẹ̀, Don Black, ti gbá tẹ́níìsì dé Wimbledon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1950. Nígbà tó bí ọmọ, ó ṣe pápá tẹ́níìsì oníkoríko mẹ́rin sínú oko píà rẹ̀ lẹ́bàá Harare. Níbẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, Byron, Wayne àti Cara. Ní kùtùkùtù, kí wọ́n tó lọ sílé-ìwé, wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọkùnrin méjèèjì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú ìdíje ẹlẹ́ni méjì. Byron gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1994. Wayne gba ti Amẹ́ríkà ní ọdún 2001 àti ti Ọsirélíà ní ọdún 2005, òun àti ọmọ Zimbabwe ẹgbẹ́ rẹ̀, Kevin Ullyett.

Obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn kò jẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ní ọdún 1997, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó gba ife àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní Wimbledon, ó tún gba ti Amẹ́ríkà lọ́dún kan náà. Ọdún tó tẹ̀lé e ló sọ tẹ́níìsì di iṣẹ́ òòjọ́. Nínú ìdíje ẹnì kan sí ẹnì kan, ipò kọkànlélọ́gbọ̀n lágbàáyé ló ga dé, ní ọdún 1999, ife kan ṣoṣo ló sì gbà, ní Waikoloa ní ọdún 2002. Kò ga bí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò sì le bí tiwọn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́ níwájú àwọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ó rí i pé ìdíje ẹlẹ́ni méjì ni òun ti lè wúlò jù, ó sì gbájú mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ibẹ̀ kéré, tí àwọn oníròyìn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wo ibẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Ọgọ́ta ife-ẹ̀yẹ ẹlẹ́ni méjì ló gbà nínú ìdíje àwọn obìnrin akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ 163 ló fi jókòó sí ipò kìíní lágbàáyé, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2005 tó kọ́kọ́ débẹ̀. Nínú ìdíje mẹ́rin tó tóbi jù lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní Grand Slam, ó gba ife mẹ́wàá. Márùn-ún jẹ́ ti obìnrin méjì: Wimbledon ní 2004, 2005 àti 2007, Ọsirélíà ní 2007, Amẹ́ríkà ní 2008. Márùn-ún yòókù jẹ́ ti ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Wayne gba ti ilẹ̀ Faransé ní 2002 àti Wimbledon ní 2004. Òun àti Leander Paes ọmọ ilẹ̀ Íńdíà gba ti Amẹ́ríkà ní 2008, ti Ọsirélíà ní 2010 àti Wimbledon ní 2010. Kò sí ọ̀kan nínú ìdíje mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí kò ti gba ife ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin.

Nínú gbogbo èyí, ohun tó wù wá jù ni irú àwọn tó bá ṣe ẹgbẹ́. Ní Wimbledon ọdún 2004, Rennae Stubbs ọmọ Ọsirélíà ni ẹnì kejì rẹ̀. Lára àwọn méjì tí wọ́n nà nínú àṣekágbá ni Liezel Huber wà, ọmọ Durban ní Gúúsù Áfíríkà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Huber yìí kan náà ló wá dúró tì í ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, wọ́n sì jọ gba Wimbledon. Láti ọdún 2007 dé 2009, bí ọdún bá ti parí, àwọn méjèèjì ló ń jọ wà ní ipò kìíní. Ẹ gbọ́ èyí náà: nínú ìdíje Amẹ́ríkà ọdún 2008, wọ́n jọ gba ife àwọn obìnrin. Nínú àṣekágbá ti ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin ní ìdíje yẹn kan náà, wọ́n kojú ara wọn, Cara àti Paes sì na Huber àti Jamie Murray. Ọ̀tá kọ́ ni wọ́n. Ẹni tí ẹ jọ ń díje láàárọ̀ lè jẹ́ ẹni tí ẹ ó jọ ru ẹrù nírọ̀lẹ́. Àwa tí a ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, Yorùbá, Hausa, Ìgbò, Nupe, Zabarma, mọ ìtumọ̀ ìyẹn dáadáa.

Àjọṣe náà kò wà títí ayé. Ní ọdún 2010, Black àti Huber pínyà. Ní ọdún 2012, Cara bí ọmọkùnrin kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn lérò pé ó ti parí nìyẹn, ṣùgbọ́n ó padà sórí pápá. Ó wá bá Sania Mirza ṣe ẹgbẹ́, ọmọbìnrin Mùsùlùmí láti ìlú Hyderabad ní Íńdíà. Ní òpin ọdún 2014, àwọn méjèèjì gba ife ìdíje àṣekágbá ọdún, èyí tí wọ́n ṣe ní Singapore. Ọdún 2015 ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an la dé yìí. Nígbà tí Cara Black wà ní góńgó orí òkè, inú iná ni Zimbabwe wà. Láti ọdún 2000, ìjọba Robert Mugabe bẹ̀rẹ̀ sí gba oko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun. Wọ́n lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò lórí ilẹ̀, ẹ̀mí sì bá a lọ. Owó ilẹ̀ náà wá di ìwé lásán. Ìjọba fúnra rẹ̀ kéde pé ní oṣù Keje ọdún 2008, ọ̀wọ́n gógó ọjà ti kọjá ìdá 231 mílíọ̀nù nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, wọ́n tẹ owó pépà kan ṣoṣo tí iye orí rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún tírílíọ̀nù dọ́là, kí wọ́n tó pa owó náà tì lọ́dún yẹn kan náà. Àwọn tó sá kúrò nílùú, dúdú àti funfun, kò lóǹkà.

Ọmọ òyìnbó tí wọ́n bí sínú oko lẹ́bàá Harare ni Cara. Bí ó bá ti fẹ́ yí orílẹ̀-èdè padà nígbà náà, ta ni yóò bá a wí? Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ni yóò fayọ̀ gba ẹni tó wà ní ipò kìíní lágbàáyé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ọjọ́ tó parí, orúkọ Zimbabwe ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tirẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí gbogbo ìròyìn ń sọ ìlú yẹn ní búburú, òun nìkan ló lè mú kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ ní rere lórí pápá Wimbledon.

A kò sọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Liezel Huber di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 2007, níbi tó ti ń gbé láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà ṣe bẹ́ẹ̀. Francis Obikwelu sáré fún Portugal, ó sì gba fàdákà ọgọ́rùn-ún mítà ní Athens ní ọdún 2004. Gloria Alozie lọ sáré fún Spain. Ẹni tí ilé kò tọ́jú, bí òde bá pè é, yóò jẹ́ ipè. Ẹ̀kọ́ tí a rí fà yọ ni pé ìbí lórí ilẹ̀ kan kò tó láti mú ọmọ dúró, bí ilẹ̀ náà kò bá mọ̀ ọ́n lọ́mọ. Bákan náà, bí ọmọ bá pinnu láti dúró, tó sì fi òógùn rẹ̀ sin ilẹ̀ náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa bi í pé níbo ni bàbá ńlá rẹ̀ ti wá.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó Zimbabwe àti tiwa kò rí bákan náà. Ìbọn àti òfin àmúnisìn ni àwọn baba wọn fi gba ilẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1930 fún àwọn òyìnbó díẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ náà, èyí tó sì dára jù lọ ni wọ́n mú, tí wọ́n wá kó àwọn onílẹ̀ jọ sórí ilẹ̀ ṣákálá. Ìbínú àwọn aláwọ̀ dúdú lórí ilẹ̀ yẹn ní ìdí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí ìjọba gbà yanjú rẹ̀ ba ìlú jẹ́. Kódà pápá tẹ́níìsì mẹ́rin tó wà nínú oko píà yẹn, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ní àdúgbò Mbare ní Harare kò ní irú rẹ̀. Ẹ̀bùn Cara ga, iṣẹ́ rẹ̀ sì le, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n bí i sí ti fún un ní ohun tí ọ̀pọ̀ kò rí. Ó yẹ kí a sọ ìyẹn pẹ̀lú.

Àwa Yorùbá tí a wà ní Sókótó kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òwò, iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ ìjọba àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ló kó àwọn baba wa wá. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún ibi tí wọn yóò jókòó sí, wọ́n fún wọn, wọ́n sì jókòó. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá lè gba ọmọ àwọn tó fi ìbọn gba ilẹ̀ ní ọmọ, nítorí ohun tó ṣe fún ìlú, mélòó mélòó ni ọmọ ẹni tó bẹ̀bẹ̀ kí ó tó wọlé?

Nǹkan kan tún wà tó yẹ kí a rántí. Nígbà tí wọ́n lé àwọn àgbẹ̀ òyìnbó yẹn ní Zimbabwe, Nàìjíríà ni mẹ́tàlá nínú wọn wá. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara lábẹ́ Gómìnà Bukola Saraki pè wọ́n wá sí Shonga ní nǹkan bí ọdún 2004 sí 2005, wọ́n sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ̀rún kan hẹ́kítà ilẹ̀. A kò bínú sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: àgbẹ̀ tó ti ilẹ̀ tó jìnnà wá rí ilẹ̀ gbà ní ọdún kan, nígbà tí ọmọ Nàìjíríà tó ti gbé ìpínlẹ̀ míràn fún ogójì ọdún kò tíì rí ìwé gbà pé òun ń gbé ibẹ̀. Níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ́?

Inú ìwé òfin wa ló ti wọ́. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ní abala 42 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ibi tí ènìyàn ti wá dù ú ní ẹ̀tọ́. Abala 15 ní kí ìjọba rí i pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ àtigbé ní kíkún níbikíbi nílẹ̀ yìí. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n abala 15 wà lára apá tí ènìyàn kò lè gbé lọ sílé-ẹjọ́. Abala 147 sì ní kí Ààrẹ yan mínísítà kan ó kéré tán láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Abala 318 túmọ̀ ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan sí ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ jẹ́ ara àwọn tó ni ibẹ̀. Òfin fi ọwọ́ kan fún wa, ó fi ọwọ́ kejì gbà á padà.

Kí a má sì dà bí ẹni pé Hausa nìkan ni a ń bá wí. Nílé tiwa náà, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ wà tí owó tí ọmọ ìpínlẹ̀ míràn ń san ju ti ọmọ ìpínlẹ̀ lọ, kódà bí ọmọ náà bá jẹ́ Yorùbá láti ìpínlẹ̀ kejì. Ní ọdún 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ Abia dá àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ padà sí ìpínlẹ̀ wọn, Ìgbò bíi tiwọn sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àrùn náà kò mọ ẹ̀yà, kò mọ ẹ̀sìn.

Àwọn àgbà wa mọ ibi tí irú rẹ̀ máa ń já sí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní ilẹ̀ Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ti bímọ, tó ti kọ́lé síbẹ̀, di ẹni tó ń di ẹrù lóru. Àwọn mìíràn dé Ogbómọ̀ṣọ́ àti Èjìgbò láìmọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá ó lé díẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn ọmọ Gánà. Ẹni tí wọ́n ṣe é sí ṣe é sí ẹlòmíràn. Kò sí orílẹ̀-èdè tó jèrè nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí pápá. Nínú eré ìdárayá, ọ̀rọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ kì í le tó bẹ́ẹ̀. Bí àjọ̀dún eré ìdárayá ilẹ̀ wa bá dé, àwọn ìpínlẹ̀ a máa wá eléré láti ìpínlẹ̀ míràn kiri, wọ́n a sì máa fún wọn lówó. Ẹni tó bá gba wúrà, wọn kì í bi í pé níbo ni wọ́n ti rì ìwọ́ rẹ̀. Orin ìpínlẹ̀ tó gbá a fún ni wọn yóò kọ. Bí ìjọba bá lè gba ọmọ àlejò nítorí wúrà ọjọ́ kan, a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà á nítorí ogún ọdún tí òbí rẹ̀ fi san owó orí. Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀: kí ọdún tí ènìyàn fi gbé, ibi tí wọ́n bí i sí, ibi tó ti kàwé àti iṣẹ́ tó ṣe fún ìlú ní ìwúwo. A kò ní kí wọ́n gba oyè onílẹ̀ fún wa. Onílẹ̀ ni onílẹ̀. Ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni a ń wá, bí ti ẹni kejì lórí pápá.

Nítorí pé a ní kí wọ́n ṣe tiwọn, ó yẹ kí àwa náà yẹ tiwa wò. Ẹnì kejì tó ń dúró sẹ́yìn láìsáré kò lè máa ráhùn pé ẹnì kìíní kò gbá bọ́ọ̀lù sí òun. Mélòó nínú wa ló ń kọ́ ilé mẹ́ta sílé, tí kò ní yàrá kan níbí? Mélòó ló ń lọ dìbò nílé, tí kò forúkọ sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù tó ń gbé? Àwọn ọmọ mìíràn wà tí a bí síbí, tí òbí wọn kò forúkọ ìbí wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń rí sí i, títí wọ́n fi di ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé. Bí ọjọ́ bá pé tí wọ́n sọ pé kí a mú ẹ̀rí wá pé Sókótó la bí ọmọ sí, kí la ó fi hàn? Ẹ forúkọ ìbí àwọn ọmọ yín sílẹ̀. Ẹ gba káàdì ìdìbò níbi tí ẹ ń gbé. Ẹ tọ́jú rìsíìtì owó orí yín. Ìwé kékeré ló ń gba ènìyàn lọ́jọ́ ńlá.

Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin wa. Don Black ní ọkùnrin méjì, kò sì sọ pé àwọn yẹn ti tó. Òun ló fún ọmọbìnrin rẹ̀ ní ráákẹ́ẹ̀tì, ọmọbìnrin náà sì ni ife rẹ̀ pọ̀ jù nínú ilé. Nínú wa, bí ilé-ìwé bá ní kí ọmọbìnrin wá sáré tàbí wá gbá bọ́ọ̀lù, àwọn kan á ní ẹ̀sìn kò fẹ́, àwọn kan á ní yóò pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù. Sania Mirza ń ṣe ẹ̀sìn rẹ̀, ó sì dé ipò kìíní lágbàáyé nínú ẹlẹ́ni méjì. Ons Jabeur láti Tunisia, Mùsùlùmí ọmọ Áfíríkà bíi tiwa, dé àṣekágbá Wimbledon ní 2022 àti 2023. Nílé wa, Olufunke Oshonaike, ọmọ Yorùbá, gbá tẹ́níìsì orí tábìlì dé ìdíje Òlíńpíìkì méje, ó sì gbé àsíá Nàìjíríà níwájú ikọ̀ wa ní Rio ní ọdún 2016. Wọn kò bí ẹnikẹ́ni nínú wọn pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Òbí kan ló gbà fún wọn.

Pápá Giginya wà nínú ìlú yìí, àwọn ilé-ìwé wa sì ní àwọn olùkọ́ eré ìdárayá tí ọwọ́ wọn dilẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá àti ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ jókòó, kí wọ́n mọ ọmọ tó ní ẹ̀bùn, ọkùnrin àti obìnrin, kí wọ́n kó wọn lọ bá àwọn tó ń yan eléré fún ìpínlẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n dá àwọn ọmọ Hausa pọ̀ mọ́ra lórí pápá, kí wọ́n jọ gbá a ní méjì méjì. Ọmọ tó bá jọ fi ara rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọmọ onílẹ̀ láti kékeré, ó ṣòro kí wọ́n tó lè pè é ní àjèjì nígbà tó bá dàgbà. Aṣọ tó ní orúkọ Sókótó lẹ́yìn, kí ọmọ wa wọ̀ ọ́, kí ó sì làágùn sínú rẹ̀.

Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Àwọn ọmọ wa ti wẹ ọwọ́ tiwọn: wọ́n gbọ́ èdè ìlú, wọ́n mọ àṣà rẹ̀, wọ́n ń san ohun tó yẹ ní sísan. Ó ku kí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba àpapọ̀ tún abala 318 àti 147 wò, kí wọ́n ṣí àyè sílẹ̀ nídìí àwo náà. Ìpàdé wa tó ń bọ̀, ẹ mú ìwé ìbí àwọn ọmọ yín dání. Ẹni tí kò bá ní, a ó jọ wá a.